Bùtá àti Abọ́: Iṣẹ́ Mi Nínú Ẹgbẹ́ Ẹ Jẹ́ Ká Ronú

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì máa ń wá bá mi lábẹ́ igi dongoyárò iwájú ilé mi ní Kpalsi. Wọ́n á gbé alùpùpù wọn dúró, wọ́n á nu òógùn ojú, wọ́n á ní, "Bàbá, iṣẹ́ òṣèlú wù wá, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ di olóṣèlú." Mo máa ń wò wọ́n bí ẹni tó ní òun fẹ́ wẹ̀ ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí omi kan òun lára. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá yẹn wà o. Èmi ni mo ṣe é títí irun orí mi fi funfun, tí èyí tó kọ̀ láti funfun sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, kí ẹni tó máa sá lè tètè mọ ọ̀nà tó máa gbà.

Káríìmù ni orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí orúkọ yẹn, nítorí ẹ máa rí i níwájú pé àwọn kan kò fẹ́ kí ẹ rántí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ẹ Jẹ́ Ká Ronú ni mo bá ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú kan ní Tamale níbí, ní àríwá Ghana. Yorùbá wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Dagomba onílẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Bí ìdìbò Asẹ́ḿbílì, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa, bá ń bọ̀, èyí tí òfin ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú má ṣe fẹsẹ̀ sí, àwọn ará àdúgbò Zogbeli máa ń dúró gbọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ wa bá tì lẹ́yìn. Kí ẹgbẹ́ tó ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, èmi ni wọ́n máa ń rán jáde láti lọ wò ó bóyá olùdíje ṣe ohun tó ní òun ṣe. Aláyẹ̀wò ni wọ́n ń pè mí, èmi nìkan ni ẹgbẹ́ sì ń sanwó oṣù fún. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò le rárá: wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ̀wé tó sì lè gun kẹ̀kẹ́. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Accra dé pẹ̀lú oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣèlú, mo sì ní kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló gbà mí síṣẹ́. Ní ti owó oṣù, kò gùn tó ohun tí à ń pìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Alájì Ṣítù, ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ló máa ń jókòó sí, tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ó ti kọ lẹ́tà ìfẹ́, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ àti lẹ́tà èébú, ó sì mọ ibi tí irọ́ máa ń sá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọdé ni nígbà tí ìjọba ọjọ́ náà lé àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, tí wọ́n kó òun àti àwọn òbí rẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Nàìjíríà tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fi padà dé, ẹlòmíràn ti ń dáná nínú ilé wọn.

"Gbogbo àwọn ẹni ńlá tó ti jẹ túwó nílé bàbá mi," ni ó máa ń wí, "kò sí ẹyọ ẹnìkan tó la ẹnu lọ́jọ́ náà. Káríìmù, ọjọ́ tí omi bá dé ọrùn kọ́ ni à ń wá ẹni tó mọ̀wẹ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ kí a mọ ẹni tó máa la ẹnu fún onílé àti àlejò kí ọjọ́ wàhálà tó dé.

Alájì le. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé ọ̀gá yín kò dáhùn ìkíni yín lórí fóònù, ẹ kò tíì rí ọ̀gá. Olùdíje àkọ́kọ́ tí ó rán mi lọ yẹ̀ wò ní òun gbẹ́ kànga fún àwọn àgbẹ̀ Gumani. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ nínú ọyẹ́ òwúrọ̀. Mo rí kànga, mo yọjú wo inú rẹ̀, mo rí omi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi oyè dá mi lọ́lá lé lórí, mo sì padà wá pẹ̀lú eruku nínú etí. Alájì kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"O bu omi náà mu?"

"Rárá, sà."

"Ta lo bá níbẹ̀ tó ń pọn omi?"

"N kò bá ẹnikẹ́ni, sà."

"Láàárọ̀ kùtù? Kànga tí obìnrin kankan kò dúró sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, kí ni wọ́n ń pè é?"

Ó dá ìwé mi padà fún mi.

"Ihò ni. Padà lọ."

Mo padà lọ. Obìnrin kan tó ń tú ẹ̀pà nítòsí fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ omi ló máa ń wá da omi sínú ihò náà nígbàkígbà tí àlejò bá ń bọ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó mú olè. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Alájì, mo ròyìn.

"Kí ni orúkọ obìnrin náà?"

"N kò bi í, sà."

"Ẹni tí kò lórúkọ kò lè jẹ́rìí. Padà lọ."

"Alájì, oòrùn ti mú o."

"Ó mú obìnrin náà, kò sì ní oyè yunifásítì tó lè fi ṣe agbòòrùn. Padà lọ."

Àsánà ni orúkọ obìnrin náà. Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mi ò lè gbàgbé Àsánà. Itan mi méjèèjì ṣì ń rántí rẹ̀ bí òtútù bá mú.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́. "Má ṣe bi olùdíje léèrè nípa ara rẹ̀," ni Alájì máa ń wí. "Ta ni òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ní ògiri kan? Lọ bá onítọ̀hún. Ògiri a máa gbọ́ ohun tí ìwé ìpolongo kò gbọ́." Bí mo bá kọ "wọ́n ní," ó máa pa á rẹ́, ó máa ní, "Wọn wo?" Bí ìpàdé bá dé, ó máa ní kí n gbálẹ̀, kí n to àga, kí n tó ka àbọ̀ iṣẹ́ mi. Ìpàdé ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe ohun ẹlẹgẹ́. Àgbàlá Hájíà Mẹ́mùná ní Zogbeli la ti ń ṣe é, opó tó ń din àkàrà tí a ń pè ní kóose níbí, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. A ó mu kókó, a ó jẹ kóose, a ó sì fi orúkọ bú ara wa. "Ìwọ Ìdìrísù, nítorí pé olùdíje yìí fẹ́ àbúrò rẹ lo ṣe ń gbè é!" "Ìwọ ńkọ́, Bàbá Láátì, kì í ṣe nítorí pé ó kọ̀ láti fẹ́ ọ lo ṣe kórìíra rẹ̀?" Gbogbo ẹ̀tanú inú wa máa jáde síta, a máa rí i, a máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Kí wọ́n tó pe ìrun àlááṣàrì, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tí a bá tì lẹ́yìn, a mọ̀ ọ́n dé egungun.

Ohun èlò yí padà. Kẹ̀kẹ́ di alùpùpù, mo sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, olùdíje bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́. Ẹni tó bá di ṣọ́bìrì mú níwọ̀n ìgbà tí fọ́tò fi ń yà ti di ẹni tó gbẹ́ gọ́tà. Ṣùgbọ́n fóònù kò ní ẹ̀bi púpọ̀. Ohun èlò tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn aláàánú kan láti òkè òkun wá fún wa lówó kí a lè kọ́ bí a ṣe ń ronú, àwa tí orúkọ wa ń jẹ́ Ẹ Jẹ́ Ká Ronú. Wọ́n gbé bébà ńlá kọ́ ara ògiri, wọ́n pín gègé aláwọ̀ mèremère, wọ́n ní kí a ya ìrònú wa bí igi. Mo ya igi dongoyárò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Alájì Ṣítù kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Dókítà Adégòkè ni a yàn ṣe alága. Olùkọ́ yunifásítì ni, ó ti Nàìjíríà wá ṣiṣẹ́ níbí. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: bàtà rẹ̀ máa ń dán, ó sì máa ń kí àgbà. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni "ìlànà." Bí iná bá jó ilé, Dókítà máa bèèrè ìlànà tí a fẹ́ fi pa á.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún yẹn, àwọn méjì ló fẹ́ du ipò Asẹ́ḿbílì ní Zogbeli. Ọ̀kan ni Sàkínà. Zogbeli ni wọ́n bí i sí, Zogbeli ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta: ìdajì rẹ̀ Hausa, ìdajì rẹ̀ ẹ̀rín. Lẹ́yìn àwọn ilé tó wà ládùúgbò Hájíà Mẹ́mùná, omi òjò kì í rí ọ̀nà gbà, inú yàrá èèyàn ló máa ń wọ̀. Sàkínà kó àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbẹ́ gọ́tà láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí títí dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ dúró sí. Asẹ́ḿbílì nìkan ló lè fọ́ títì kí wọ́n ri páìpù ńlá sábẹ́ rẹ̀, bí wọn kò bá sì fọ́ ọ, gbogbo omi tí gọ́tà bá kó jọ, ìdí títì ló máa ti padà sẹ́yìn. Nítorí títì yẹn ni Sàkínà fi fẹ́ du ipò, kì í ṣe nítorí nǹkan mìíràn.

Èkejì ni Ọ̀gbẹ́ni Fúsẹ́inì, kọngílá tó ní jíìpù. Ó wá síbi gọ́tà náà lọ́jọ́ kan, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, ó ya fọ́tò, ó dá ṣọ́bìrì padà, ó fi aṣọ nu ọwọ́.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹnìkan sọ pé, "Ṣé Sàkínà yìí kì í ṣe àlejò ni? Àwọn Nàìjíríà yìí náà ni." Ojú Dókítà pọ́n. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wáyé láàárín àwọn onítẹ̀síwájú, pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ olùdíje nínú ìpàdé. Iṣẹ́ nìkan la máa wò. Orúkọ ló ń fa ẹ̀yà, orúkọ ló ń fa ẹ̀sìn. Ká gé orúkọ dànù. Ó ra agogo tí wọ́n fi ń pe ọmọ iléèwé, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi orúkọ tàbí àpèjúwe tú olùdíje fó, òun máa lù ú. Èrò rere ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀run àpáàdì kò ṣàìní ẹni tó ń gbá a mọ́.

Báwo la ṣe máa wá pe àwọn olùdíje? Ọ̀sán gbáko la fi jà sí i. Ẹnìkan ní ká lo nọ́ńbà. Wọ́n ní nọ́ńbà kìíní ti ga ju èkejì lọ, ìyẹn kì í ṣe ìdọ́gba. Ẹnìkan ní ká lo àwọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú ti gba gbogbo àwọ̀ tán. Wọ́n ní ká lo ẹranko. Wọ́n ní ẹranko náà ti wọ ẹgbẹ́. Ni ojú Dókítà bá bọ́ sí ìdí ààrò Hájíà.

"Ó ti parí," ó ní. "Ohun èlò inú ilé kò ní ẹ̀yà, kò ní ẹ̀sìn. Olùdíje kan á jẹ́ Bùtá, èkejì á jẹ́ Abọ́."

"Bùtá wo?" Hájíà bi í. "Èyí tí à ń gbé lọ sí ṣáláńgá?"

"Rárá o, Hájíà. Èyí tí ẹ fi ń ṣe àlùwàlá."

"Ọ̀kan náà ni, Dókítà. Ẹ̀yin Kristẹni lẹ kò mọ̀."

Bí Fúsẹ́inì ṣe di Bùtá nìyẹn, tí Sàkínà di Abọ́. Gbogbo wa ló mọ ẹni tó ń jẹ́ èwo. Gbogbo wa la ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti wọ̀ wá lára.

Mo lọ ṣe iṣẹ́ mi bí Alájì ṣe kọ́ mi. Mo wọ inú gọ́tà náà, mo rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo bá àwọn tó gbẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ pé: Sàkínà ló pe iṣẹ́ yìí, òun náà gbẹ́ ẹ, Hájíà Mẹ́mùná fi ojú ara rẹ̀ rí i, Fúsẹ́inì ya fọ́tò. Mo gbé e fún Dókítà. Ó mú gègé pupa.

"Bàbá Káríìmù, orúkọ pọ̀ níbí."

"Ẹlẹ́rìí ni wọ́n, Dókítà."

"Ẹ wò ó, 'Hájíà rí i,' ìyẹn ti tú àdúgbò fó. 'Ó gbẹ́ ẹ,' ìyẹn ti tú irú ẹni tó jẹ́ fó. Ẹ jẹ́ ká lo èdè tí kò fì síbì kan."

Nígbà tó fi gègé sílẹ̀, ohun tó kù ni pé: Abọ́ kó ipa nínú ìdàgbàsókè ìṣàn omi. Lábẹ́ rẹ̀: Bùtá kó ipa nínú ìdàgbàsókè ìṣàn omi.

"Dókítà," mo ní, "ìlà méjèèjì bára mu láìku ẹyọ kan."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn gan-an ni ìdọ́gba, Bàbá."

Mo wá ibi tí mo lè fi orí gbá. Ògiri Hájíà, amọ̀ ni, mo ṣàánú rẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé ìpinnu pé. Dókítà ka ìlà méjèèjì. Hájíà nawọ́.

"Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fi ojú mi rí."

"Hájíà, bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ rí, a máa mọ ibi tí ẹ dúró sí."

"Ẹ̀yìn ilé mi ni mo dúró sí! Ibi tí Abọ́ yín—"

Agogo dún.

"Mi ò tíì dárúkọ o!"

"Ẹ ti fẹ́ ṣàpèjúwe, Hájíà."

"Tó bá jẹ́ pé Bùtá yín mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú—"

Agogo dún títí tí àwọn adìyẹ fi sá kúrò nínú àgbàlá. Hájíà jókòó. Ó ní, "Kai! Alájì Ṣítù, o kú tán."

Máàkì tí a fún àwọn méjèèjì dọ́gba, báwo ni kò ṣe ní dọ́gba? Dókítà ní ìlànà ní kí a wo àlàyé tí olùdíje kọ nípa ara rẹ̀. Bùtá kọ tirẹ̀ ní ojú ewé púpọ̀, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán bí bàtà Dókítà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Abọ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tòun ti ariwo hámà lẹ́yìn. Dókítà kò jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Ó ní bí a bá gbọ́ ohùn, a máa mọ̀ pé obìnrin ni, ìyẹn á sì jẹ́ ìyànjẹ fún àwọn obìnrin. Nítorí kí a má bàa yan obìnrin jẹ, a fún obìnrin náà ní òdo.

Ẹgbẹ́ lọ sórí rédíò, wọ́n ti Fúsẹ́inì lẹ́yìn. Àwọn àgbà Zogbeli ní, "Ẹgbẹ́ Alájì Ṣítù ni, wọn kì í purọ́," wọ́n sì dìbò. Àwọn tí Fúsẹ́inì fi ju Sàkínà lọ kò lè kún bọ́ọ̀sì kan. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kejì, epo dúdú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Káríìmù, ẹ̀yin fúnra yín wọ inú gọ́tà yẹn. Mo rí yín. Bàtà yín kan há sínú ẹrọ̀fọ̀, èmi ni mo bá yín fà á yọ. Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo sọ gbogbo rẹ̀, Sàkínà. Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù."

"Wallahi, mi ò bínú nítorí ipò. Títì ni. Títì yẹn, ta ló máa fọ́ ọ báyìí?"

Kò sí ẹni tó fọ́ ọ. Òjò ọdún yẹn rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà. Omi gba inú gọ́tà Sàkínà wá tagbára-tagbára, ó dé ìdí títì, kò rí ọ̀nà, ó yíjú padà. Ilé Hájíà Mẹ́mùná ló kọ́kọ́ bá. Ògiri yàrá rẹ̀ wó lulẹ̀ sórí ẹní tí ó máa ń sùn sí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ọlọ́run ló ní kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ọjà, ìdí àgbádá kóose rẹ̀ ló wà. Ẹ̀wà tó fẹ́ lọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì bá omi lọ. Fúsẹ́inì gbé jíìpù rẹ̀ wá, ó bá ògiri tó wó ya fọ́tò.

Ẹgbẹ́ pàdé láti kẹ́dùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ yín. Wọ́n fi ìdajì ọjọ́ jiyàn bóyá ìlànà gbà wá láyè láti dárúkọ Hájíà nínú ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn. Ohun tó jáde níkẹyìn ni pé: "Ẹgbẹ́ bá ẹnìkan kẹ́dùn lórí nǹkan kan tó wó." Hájíà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á. Inú àgbàlá rẹ̀ la jókòó sí, ẹsẹ̀ wa lórí ògiri rẹ̀.

Kí ló dé tí n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Mo rò pé wọ́n máa gbọ́n. Oyè yunifásítì mi ló ń bá mi jà. Ó kọ́ mi pé ẹni tó kàwé máa ń gbọ́n tí ẹ bá fún un láyè. Mo fún wọn ní ọdún mẹ́rin.

Ìdìbò mìíràn dé. Fúsẹ́inì tún jáde, Sàkínà náà tún jáde. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó wá síwájú ẹgbẹ́.

"Kí n tún wá jẹ́ abọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín tòun ti pákó lẹ́nu. "To, abọ́ wo ló kù tí wọn kò tíì fọ́? Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa ta ṣéènì mi."

Lọ́dún yẹn, Dókítà ti ní kọ̀ǹpútà tó ń pa orúkọ rẹ́ fúnra rẹ̀. Olùdíje ti di lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gùn bíi ti páálí ọṣẹ. Ó gbé agogo sórí tábìlì, ó ní kí aláyẹ̀wò ka àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mo dìde. Mo wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi: kó ipa, kó ipa, kó ipa. Mo ká a, mo fi í sí abẹ́ àga.

"Sàkínà," mo ní.

Agogo dún.

"Sàkínà ọmọ Zogbeli, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ló gbẹ́ gọ́tà ẹ̀yìn ilé yìí."

Agogo dún, ó dún. "Bàbá Káríìmù! Ìlànà!"

"Hájíà Mẹ́mùná rí i, òun rèé lórí àga yìí. Ìdìrísù bá wọn gbẹ́ ẹ. Fúsẹ́inì ya fọ́tò. Ọdún mẹ́rin ló fi wà ní Asẹ́ḿbílì, kò fi ẹnu kan títì yẹn. Ẹni tó ní àlejò ni Sàkínà, Bàbá Láátì ni, kó dìde kó tún un wí lójú mi, kí n bi í léèrè ibi tí wọ́n bí ìyá tirẹ̀ sí!"

Dókítà ń lu agogo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ni ahọ́n agogo bá já, ó fò, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga Hájíà. Gbogbo wa wò ó. Hájíà na ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó fi bàtà sílípáàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Káríìmù," ó ní. "Ilẹ̀ ti dákẹ́."

Láti ìgbà tí Alájì ti kú, ìyẹn ni ìpàdé àkọ́kọ́ tí a tún fi orúkọ bú ara wa. Bàbá Láátì bú mi, mo bú u, a rẹ́rìn-ín, a tún bínú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ pín sí méjì, kò sì sí ìpinnu. Ohun tí wọ́n kà lórí rédíò ni pé ẹgbẹ́ kò ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, pé ó ti gbogbo ènìyàn lẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n ní ó ti tó kí n sinmi. Mo sì sinmi.

Hájíà kò sinmi ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra kóose láàárọ̀, kò ní dì í fún un títí tó fi máa sọ ẹni tó gbẹ́ gọ́tà àti ẹni tó ya fọ́tò, tọmọ-tìyá, torúkọ-toríkì. Sàkínà wọlé sí Asẹ́ḿbílì. Kí òjò tó dé, wọ́n ti fọ́ títì, páìpù ti wà lábẹ́ rẹ̀. Mo lọ wò ó nígbà òjò àkọ́kọ́. Omi wá, ó gba abẹ́ títì kọjá bí ẹni tó ń lọ sílé.

Ẹgbẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì. Ó wà lórí fìríìjì mi, ẹ lè wọlé lọ wò ó. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: "A fi èyí dá òṣìṣẹ́ kan lọ́lá fún ipa tó kó." Ìlànà ni, wọn kò lè dárúkọ mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí iṣẹ́ yìí bá ṣì wù yín, ẹ lọ ra bàtà tó lè wọ ẹrọ̀fọ̀, kí ẹ sì máa bèèrè orúkọ èèyàn. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa orúkọ rẹ́ kí òtítọ́ lè hàn, ẹ kí i dáadáa, ẹ gun alùpùpù yín, ẹ máa lọ.

Oṣù tó kọjá, Dókítà fúnra rẹ̀ wá sí Kpalsi. Ẹgbẹ́ fẹ́ bá ọmọ Asẹ́ḿbílì Zogbeli ya fọ́tò níbi gọ́tà, kí àwọn aláàánú òkè òkun lè rí èso iṣẹ́ wa. Ó ní èmi ni mo súnmọ́ ọn, kí n bá wọn bẹ̀ ẹ́. Mo gun alùpùpù lọ. Inú gọ́tà ni mo bá Sàkínà, bàtà rọ́bà dé orókún, ó ń kó ọ̀rá tó dí ẹnu páìpù. Mo jíṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ṣọ́bìrì.

"Bàbá Káríìmù, ẹ bá mi sọ fún wọn pé Abọ́ ń kí wọn."

Mo padà, mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Dókítà rò ó, ó tún un rò, ó di iwájú orí.

"Abọ́? Ta ló ń jẹ́ Abọ́?"

Mo ní ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìlànà kò gbà mí láyè láti dárúkọ.